Iná Tó Tàn Lẹ́ẹ̀mẹrin

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Ẹ̀yin ọmọ mi, irọ́ kan wà tí mo fi tọ́ yín dàgbà, mi ò sì fẹ́ gbé e wọnú ilẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má tíì bá mi sunkún. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ná.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo ṣe. Láyé ìgbà yẹn, èèyàn ò lè pe ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀. Iná kékeré á tàn lórí pátákó níwájú wa, a ó béèrè ẹni tó ń wá, a ó sì ki okùn bọ ihò onítọ̀hún. Bàbá yín mọ wákàtí tí mo máa ń lọ jẹun ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan eyín dùn mí, mi ò lè jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, ohùn mi yí padà. Iná tàn, bàbá yín ló ń sọ̀rọ̀: "Ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ." Mo so wọ́n pọ̀. Òfin ni pé ká kúrò lórí ìlà. Èmi dúró. Obìnrin aránṣọ tó ń wọn ìbàdí mi, tó ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n mi", òun ló ń béèrè pé ìyàwó ilé ńkọ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín: "Ìyẹn? Ó ti di àga inú ilé."

Àga! Èmi tí mo bí ẹ̀yin mẹ́ta fún un! Mi ò bá a jà o. Mo gbé oúnjẹ fún un nírọ̀lẹ́, mo ní "ẹ kú iṣẹ́". Láti ọjọ́ yẹn, mo ní kí ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ máa lọ jẹun, èmi nìkan ń jókòó ti pátákó lọ́sàn-án. Mo mọ̀ pé aránṣọ á nílò mi lọ́jọ́ kan.

Ó sì pè. "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà! Kíákíá!" Mo rò pé òun ni àìsàn kọlù. Ọlọ́run gbọ́, inú mi dùn. Mo ní, "Ìlà dí." Irọ́ ni, ihò dókítà ṣófo níwájú mi. Iná tún tàn. "Ìlà dí." Ẹ̀ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó ń sunkún: "Ẹ gbà mí, ọkùnrin náà ń kú lọ!" Ọkùnrin wo ló máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan? Mo mọ̀. Mo fa okùn yọ.

Nígbà tí wọ́n fi máa sáré lọ gbé dókítà dé, ẹ̀mí ti bọ́ lára bàbá yín. Nígbà tí èmi àti ẹbí débẹ̀, dókítà ní kí ló dé tí wọn ò tètè pe òun. Aránṣọ figbe ta: "Mo pè! Wọ́n ní ìlà dí!" Ẹ̀gbọ́n bàbá yín yíjú sí mi: "Ìyàwó wa, ṣé lóòótọ́ ni?" Mo wo obìnrin náà lójú. Mo ní, "Irọ́ ló ń pa. Iná rẹ̀ ò tàn rárá." Wọ́n ní òun ló pa á. Wọ́n ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta, ó sì kó kúrò nílùú tòun ti oyún. Títí dòní ẹ̀ ń tutọ́ bí ẹ bá gbọ́ nípa rẹ̀. Èmi ìkà yìí ni mo kọ́ yín.

Bí ọkọ tàbí aya bá já yín kulẹ̀, ẹ pariwo, ẹ fọ́ àwo, ẹ kẹ́rù yín jáde. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ wá obìnrin yẹn rí, àti ọmọ bàbá yín. Ẹ bá mi kúnlẹ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́. Ẹ ṣáà sọ fún un pé iná rẹ̀ tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tàn, mo sì rí i.