Hóró Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Oògùn Ìyá Rìsí

Nǹkan kan ti ń wúwo lọ́kàn mi láti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi rí. Tí mo bá ń gbàdúrà nípa rẹ̀, inú ni mo ti máa ń sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Ohun tó mú mi kọ ọ́ báyìí ni pé ẹnìkan ń bọ̀ nílé mi lọ́jọ́ Àìkú láti wá gba oògùn, mi ò sì mọ ohun tí màá wí fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Mo ti yí orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ padà.

Ìkòròdú ni mo ń gbé. Nígbà náà, mo ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì kékeré kan ní àdúgbò Agric. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ní ilé ìgbẹ̀bí, lẹ́yìn náà mo dá dúró. Mi ò pe ara mi ní dókítà rí, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò sì kọ̀.

Ẹni tó bá mọ irú ṣọ́ọ̀bù wa nígbà yẹn á mọ àpòpọ̀. Tí ènìyàn bá wọlé, tó ní ẹ̀yìn tàbí orúnkún ń dun òun, a kì í ta odindi páálí oògùn fún un. A ó mú hóró kan nínú agolo yìí, a ó mú méjì nínú ìyẹn, a ó sì dì wọ́n sínú ọ̀rá kékeré, ti òwúrọ̀ lọ́tọ̀, ti alẹ́ lọ́tọ̀. Olúkúlùkù ló ní bó ṣe ń po tirẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí tèmi lókìkí ni hóró kékeré kan tí à ń pè ní déksà. Ẹni tí kò lè na ẹsẹ̀ láàárọ̀ á gbé e mì, kó tó di ọ̀sán á ti máa rìn kiri. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ gan-an. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi hàn mí, ẹlòmíràn ló sì fi han òun náà.

Ìyá Rìsí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé. Ọjà ẹja ló ti ń ṣiṣẹ́. Tí àwọn ènìyàn bá ra ẹja tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá kó bá wọn họ ìpẹ́ rẹ̀, kó là á, kó sì gé e. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, nítorí náà, ìyá ọkọ ló jẹ́ sí mi. Nígbà tó yá, ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárọ̀. Kò lè di ọ̀bẹ mú títí oòrùn á fi gòkè. Mo po àpòpọ̀ fún un. Nígbà tó tún wá kí wa, ó ń ṣí ọwọ́, ó ń pa á dé níwájú mi.

Ó ní, “Ìyàwó mi, oògùn rẹ yìí dà bí ìgbà tí wọ́n bu epo sí ìdè ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi ò ké mọ́.”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ránṣẹ́ sí i, mo máa ń fún awakọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní gáréèjì. Ó ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún bíi mẹ́rin. Ojú rẹ̀ kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ róbótó. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Èmi náà ń lò ó fún orúnkún mi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ọjọ́ tí mi ò lò ó kò pọ̀.

Nígbà kan, ẹgbẹ́ àwa olóògùn pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Ìkòròdú. Wọ́n máa ń ṣe irú rẹ̀ kí ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lè mọ ohun tuntun. Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Dókítà obìnrin kan ló wá bá wa sọ̀rọ̀, àìsàn oríkèé ara nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní gbogbo ohun tí à ń pè ní làkúrègbé kì í ṣe ohun kan náà. Ó ní orúnkún àgbàlagbà tó ti jẹ lọ́tọ̀, ọwọ́ obìnrin tó ń wú láàárọ̀ tí kì í tètè nà lọ́tọ̀. Ó ní nínú èkejì yìí, ara ló ń bá ara rẹ̀ jà. Oògùn tirẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá ni kí á tètè darí ẹni náà sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìka á wọ́, kò sì ní í nà mọ́.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa dìde. Ó ní, “Dókítà, tí a bá darí gbogbo wọn sí ọsibítù ńlá, ta ló máa wá rajà lọ́wọ́ wa?”

Dókítà náà ní, “Bàbá, ẹni tí ìka rẹ̀ bá wọ́, kò ní lè tú owó létí ìró fún yín náà.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi àwòrán hàn wá lára ògiri. Ó ní ẹ wo ohun tí déksà ń ṣe fún ẹni tó bá ń gbé e mì fún ìgbà pípẹ́ láìsí dókítà tó ń ṣọ́ ọ. Obìnrin kan ni, tí ojú rẹ̀ rí róbótó, tí awọ apá rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó sì dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n lù. Kì í ṣe Ìyá Rìsí, ṣùgbọ́n ojú Ìyá Rìsí ni. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi.

Ó ní oògùn náà fúnra rẹ̀ kò burú, iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n. Ó ní ṣùgbọ́n àwa kò láṣẹ láti tà á, ká tó wá sọ pé ká pò ó mọ́ òmíràn, àti pé wọ́n lè ti ṣọ́ọ̀bù ènìyàn nítorí rẹ̀. Ó ní tí a bá jẹun tán, òun máa sọ ohun tó yẹ kí á ṣe fún ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́.

Mi ò dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro ibí yìí wò. Ohun tó kù létí mi ni pé wọ́n lè ti ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gba ìrẹsì tí wọ́n pín, mo sì jáde. Mo da gbogbo déksà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù sínú ṣáláńgá.

Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń po àpòpọ̀ lọ bíi ti tẹ́lẹ̀, nínú ọ̀rá kan náà, ṣùgbọ́n mo yọ hóró yẹn kúrò, títí kan tèmi tí mò ń lò. Mo rò pé rere ni mo ń ṣe. Ojú sì ń tì mí láti sọ fún wọn pé ohun tí mo ti ń fún wọn láti ọjọ́ yìí kò dára. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Wọ́n ní oògùn mi kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ kẹ́místì mìíràn tó ṣì ń fi déksà sí tirẹ̀. Lónìí, mo rò pé lílọ tí wọ́n lọ ló kó wọn yọ nígbà náà.

Ìyá Rìsí kò lọ síbì kankan. Ó ní òun ò lè fi ìyàwó òun sílẹ̀ kí òun lọ máa ra oògùn níta. Ó ránṣẹ́ sí mi pé oògùn ti ẹ̀ẹ̀kan yìí kò ṣiṣẹ́ fún òun, pé ó ń rẹ òun, pé oúnjẹ kò wù òun jẹ. Mo ní kó ṣe sùúrù, pé ọ̀gìnnìtìn ni.

Lọ́jọ́ kan, Rìsí ọmọ rẹ̀ fóònù mi pé ìyá òun ń bì, kò sì lè jókòó. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Èkó, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ní Ẹ̀pẹ́. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, òun sì fẹ́ mọ oògùn tó ń lò.

Rìsí ní, “Ẹ bi Àǹtí mi. Kẹ́místì ni wọ́n, àwọn ló ń fún ìyá mi lóògùn.”

Mo ní parasitamọ́ọ̀lù àti fítámì ni.

Dókítà náà wo ojú Ìyá Rìsí, ó wo apá rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Màámi, ẹ rántí dáadáa. Wọn ò lo déksà? Wọn ò lò ó rí?”

Mo ní, “Wọn ò lò ó rí.”

Ìyá Rìsí ń wò mí látorí bẹ́ẹ̀dì. Kò mọ orúkọ oògùn náà, nítorí mi ò sọ ọ́ fún un rí. Ó ní, “Ẹ gbọ́ tìyàwó mi. Ó mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ibà. Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Àwọn ẹbí sọ pé ilé ìwòsàn ló pa á. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yẹn ni. Àbúrò Rìsí ọkùnrin gbá dókítà náà létí níwájú gbogbo ènìyàn. Mo dúró síbẹ̀. Mò ń wò wọ́n.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, èmi náà ṣubú. Bí ó ṣe ṣe é ló ṣe mí: èébì, inú rírun, àárẹ̀ tí mi ò lè ṣàlàyé. Ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú. Nígbà tí dókítà béèrè oògùn tí mò ń lò, mo ní kí ọkọ mi lọ bá mi ra omi. Bó ṣe jáde ni mo sọ òótọ́. Ikú tara mi ni mo bẹ̀rù. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ kan, wọ́n fa omi sí mi lára. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ mu.

Dókítà náà ṣàlàyé fún mi. Ó ní ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun kan tó jọ déksà. Tí a bá ń gbé e mì tipẹ́, ara á ṣíwọ́ ṣíṣe tirẹ̀. Tí a bá wá dá a dúró lójijì, kò ní sí ti inú ara, kò sì ní sí ti ìta. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, lábẹ́ ìṣọ́ dókítà. Mo mọ̀ nígbà náà pé ohun tí dókítà obìnrin ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn fẹ́ sọ lẹ́yìn oúnjẹ nìyẹn.

Ó bi mí bóyá mo ti fún ẹlòmíràn. Mo ní rárá.

Mi ò lè sọ pé Ìyá Rìsí ì bá yè bí mo bá sọ òótọ́. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé dókítà ọ̀dọ́ yẹn béèrè ohun tó yẹ kó béèrè, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo ti pa ṣọ́ọ̀bù yẹn tì. Ọṣẹ àti mílíìkì ni mò ń tà báyìí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Rìsí ò yéé fi ẹja ránṣẹ́ sí mi. Ó ní èmi nìkan ló tọ́jú ìyá òun. Mo máa ń gbà á, mo sì máa ń sè é fún ọkọ mi, ṣùgbọ́n èmi kì í fi kan ẹnu.

Ní báyìí, Rìsí ló wà níbi tí ìyá rẹ̀ ń jókòó sí lọ́jà. Ó fóònù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ìka òun ti ń wú láàárọ̀, ọwọ́ méjèèjì. Ó ní kí n bá òun po irú èyí tí mò ń pò fún ìyá òun. Mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, pé mo mọ̀ pé wọ́n ní oògùn rẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin náà? Ibi tí wọ́n ti pa ìyá mi lẹ ní kí n lọ?”

Ó ní tí mi ò bá pò ó, kẹ́místì kan nítòsí àwọn ti ṣèlérí láti bá òun pò ó. Ó ní ṣùgbọ́n tèmi lòun fẹ́, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò béèrè bóyá kí n sọ ọ́. Mo ti rí i pé irọ́ mi ni kò jẹ́ kí ọmọ yìí lè gba ìtọ́jú, òótọ́ mi nìkan ló sì lè mú un lọ. Ohun tí mò ń béèrè ni ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún. Tó bá jẹ́ ọkọ mi, mo bẹ̀rù pé á ní kí n dákẹ́ nítorí ẹbí, n ó sì tún dákẹ́. Tó bá jẹ́ Rìsí, ó lè jẹ́ pé kò ní sí ilé fún mi mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní pa á mọ́ fún yín. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá sì lè ṣe é, ẹ ṣì gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Àìkú, nítorí ìka rẹ̀ ṣì ń nà tí oòrùn bá gòkè.