Èmi Ni Mo Pa Àwòrán Ìyá Nari Rẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé Gil-su, kí Nari náà gbé ife omi yẹn sílẹ̀ kó jókòó. Dókítà ti ní kò sí oògùn mọ́, irọ́ tó wà nínú mi kò sì gbọdọ̀ bá mi wọ kòtò. Ẹ má pè mí ní ìyá rere mọ́. Èmi Bok-nam, olè ni mí, ohun tí mo jí kò sì ṣeé dá padà.

Gbogbo yín mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin ni Nari nígbà tí mo wọlé ọkọ. Insuk tó bí i ti kú láti ìgbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú. Ìyá ọkọ mi sì ti kó àwòrán olóògbé sínú iná kí n tó dé, kí ìyàwó tuntun lè rí àyè mí. Ohun tí iná kò rí ni agolo bisikíìtì kan tí Gil-su ọkọ mi fi pamọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ. Fíìmù tí wọ́n fi fọ àwọn àwòrán yẹn ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní nẹ́gátíìfù. Mo máa ń bá ọkọ mi níbi tó ti ń nà án sójú fèrèsé. Tó bá ti rí mi, á ká a padà sínú agolo. Mo jowú òkú! Èmi ni mò ń se ọbẹ̀ ewé òkun fún Nari lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, èmi ló ń pè ní Màmá. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ tó bá fojú kan àwòrán Insuk, mo di àlejò nílé ara mi nìyẹn.

Lẹ́yìn tí Gil-su kú, Nari wá bá mi. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi lọ ra sikánà, ẹ̀rọ tó ń kó àwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Fíìmù inú agolo Bàbá ló jẹ mí lógún jù. Mi ò mọ bí ojú ìyá mi ṣe rí." A lọ sí àdúgbò àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní ìlú Daegu. Ọ̀gbẹ́ni Pyo tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé méjì jáde, ó ṣí ìdérí èyí tó tóbi. "Ìyá, iná wà nínú ìdérí èyí. Iná yẹn ló ń gba inú fíìmù kọjá tí àwòrán gidi fi ń jáde. Èyí tó kéré yìí, bébà nìkan ló mọ̀. Ẹ fi fíìmù sí i, òkùnkùn lẹ máa bá níbẹ̀." Nari ti nawọ́ sí èyí tó tóbi. Mo rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin yìí, ṣé gbogbo ṣọ́ọ̀bù lo fẹ́ dì fún wa ni? Fíìmù àtayébáyé! Ó ti bó, ó ń rùn bí ọtí kíkan. Nari, gbé kékeré, jàre, tábìlì rẹ ò gba ràgàjì." Ó wò mí lójú: "Màmá, ṣé ó ti bàjẹ́ lóòótọ́?" "Ojú mi yìí ni mo fi rí i." Irọ́ funfun báláú! Fíìmù náà mọ́ kedere. Pyo ní, "Èyí tó ń rùn pàápàá ṣì lè jáde o, ẹ kọ́kọ́ gbé e wá ná." Mo wò ó bíi kí n gbé e mì. Nari gbọ́ tèmi. Ohun tí ìgbọràn fi ta á lọ́rẹ nìyẹn.

Ká ní mo dúró níbẹ̀! Kò pẹ́ tí Nari fi pè mí lórí fóònù. "Màmá, mo ti lọ pààrọ̀ ẹ̀rọ yẹn, mo gba oníná. Tí fíìmù bá bàjẹ́, kó bàjẹ́ lójú tèmi. Mò ń bọ̀ lọ́la." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì lọ́sàn-án gangan, mo mú sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé kímúchì, ẹ̀fọ́ kíkan wa, mo gé gbogbo fíìmù náà wẹ́wẹ́, mo dà á mọ́ èérún oúnjẹ, mo lọ dà á nù. Nígbà tí ọmọ dé, tó ṣí agolo, tó bá a lófìfo, ó ní, "Màmá, fíìmù dà?" Ibí yìí ni mo ti burú jù. Mo ní, "Bàbá ẹ ló dà á nù kó tó kú. Ó ní òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí obìnrin yẹn mọ́. Kí inú ẹ má bàa bàjẹ́ ni mo ṣe ní ó ti bó." Nari ò sunkún. Ó ní, "Ọkùnrin ìkà," ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà, kò gbé oúnjẹ síwájú òkú bàbá rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ ìrántí ikú rẹ̀. Ẹ̀ ń bú u, ẹ̀ ń pè é ní ọmọ tí kò mọ baba, èmi ń bó èso lọ́dọ̀ yín, mò ń mi orí.

Gil-su ò dà nǹkan kan nù. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ níbi ibojì rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì kéré, ẹ má bá òkú du ọmọ. Ọmọ tẹ́ ẹ bá fi irọ́ dè mọ́ra, ẹ ti sọ ọ́ di aláìníbaba. Nari, o ṣì ń bi mí bí ojú ìyá rẹ ṣe rí. Kí n tó gé e, mo na ẹyọ kan sójú fèrèsé. Gbogbo àwọ̀ ló yí padà nínú fíìmù, dúdú di funfun, funfun di dúdú: irun rẹ̀ funfun bíi ti arúgbó, ojú dúdú, eyín dúdú. Ó gbé ìkókó dání. Bóyá ó jọ ọ́, mi ò mọ̀. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè fún ọ.