Ìwọ Náà, Lọ Gba Káàdì

Nọ́ọ̀sì méjì kan, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lẹ́nu iṣẹ́, ló dúró nídìí àgbàdo sísun mi ní Mowe láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ojú àbúrò pọ́n ju ẹyin iná mi lọ.

"Anti, mi ò tíì lè lọlé. Ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ò wá."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti lo oògùn ẹ̀fọ́rí."

"Láìjẹun? Ṣebí ìwọ lò ń pariwo mọ́ bàbá kan pé kó mu ẹ̀kọ kó tó lo oògùn."

"Aláìsàn nìyẹn, mà. Nọ́ọ̀sì lèmi."

Mo rẹ́rìn-ín. Bíi pé irin ni wọ́n fi rọ nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. "Lọ́sibítù wa, a kì í tọ́jú ẹni tí ò gba káàdì, àbí? O ò gba káàdì lọ́wọ́ ara ẹ rí. Ìwọ náà, lọ gba káàdì. Èmi á dúró ní wọ́ọ̀dù."

"Tí wọ́n bá ní mo ya ọ̀lẹ ńkọ́?"

"Kí wọ́n wá sọ ọ́ fún mi."

Omi lé sójú àbúrò. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó jẹ àgbàdo méjì.

Nígbà tí wọ́n lọ, èmi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ síná láti ìdájí fa àpótí, mo jókòó. Oníbàárà kan ní kí ló ṣe mí.

Mo ní mò ń gba káàdì.