Àmín Tí Rótìmí Kò Ṣe

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wá síwájú pẹpẹ lónìí. Ẹ ṣeun. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ o, ọ̀rọ̀ mi gùn, apá yóò ro yín. Fún àwọn àlejò tí kò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Agbẹ̀bí. Ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa níbí ní Iléṣà ni mo ti ṣiṣẹ́ títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ìdajì àwọn akọrin tó jókòó sẹ́yìn yẹn, ọwọ́ mi ni wọ́n bọ́ sí. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, Ìgè ni ọ́, ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ yọ síta, o sì fìyà jẹ ìyá rẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò, ẹ ti gbọ́ ọ ní rédíò pàápàá. Àmọ́ ẹ ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Rédíò ní ọmọ kan fẹ́ pa ìyá rẹ̀ nítorí ilẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi ni ìyá náà. Rótìmí ni ọmọ náà, ọmọ mi kan ṣoṣo, Rótìmí tí gbogbo yín mọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin kó tó kó lọ sí Òṣogbo.

Ilẹ̀ ọ̀hún wà ní Ìwàràjà, lẹ́bàá oríta. Baba Rótìmí ló ni ín, kòkó ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà la sì sin ín sí. Àwọn kan wá fẹ́ rà á kí wọ́n fi kọ́ ilé epo. Rótìmí wá bá mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo ní ṣé orí baba rẹ ni wọn yóò ti máa ta pẹtiróòlù? Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà láyé, kò sí ẹni tí yóò ta á. Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà láyé!

Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò burú, Màámi." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Látìgbà náà ni Rótìmí bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó jẹ́ pé ọdún Kérésì nìkan ni mo ń rí i, ó wá di ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Fìà pa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tó ń wọ mọ́tò wá sí Iléṣà. Yóò gbé búrẹ́dì wá, yóò gbé mílíìkì wá. Yóò wọ kíṣìnì fúnra rẹ̀, yóò po tíì fún mi. Mo ń fi í yangàn láàárín àwọn ìyá ìjọ. Mo ní ta ló bímọ bíi tèmi?

Kò pẹ́ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Màá bì, màá gbádùn díẹ̀, bó bá tún di òpin ọ̀sẹ̀, á tún dé. Irun orí mi ń já sínú gèlè. Ní ọsibítù, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n ní ọjọ́ orí ni, wọ́n fún mi lóògùn títí. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí. Mo mọ ara mi. Ẹnìkan ń ṣe mí ni.

Ta ni ẹ rò pé mo fura sí? Ẹ̀yin náà ìbá fura sí i. Orogún mi ni! Ìyá Bọ́lá tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Kí baba wọn tó mọ Olúwa ló ti fẹ́ àwa méjèèjì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wo ojú pásítọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ wa ti kú, inú ilé kan náà la jọ wà, kíṣìnì kan náà la jọ ń lò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bó bá kí mi káàárọ̀, imú ni màá fi dá a lóhùn. Bó bá bu ọbẹ̀ fún mi, màá dà á fún adìyẹ lẹ́yìn ilé, màá dúró kí n wò ó bóyá yóò kú. Adìyẹ ń sanra sí i ni! Mo ní ha, àjẹ́ yìí mà gbóná o, ó mọ adìyẹ yàtọ̀ sí ènìyàn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí. Ẹ rántí. Ẹ bá mi gbàdúrà lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ pariwo títí ilé fi ń mì. Ohun tí a gbà ládùúrà ni pé ẹni tó bá ń wá ikú mi, kó kú dípò mi. Mo gbé àdúrà náà relé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kí a tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí gbogbo ilé wá ká gbàdúrà ní pálọ̀. Èmi, Ìyá Bọ́lá, àti Rótìmí tó sun ilé wa mọ́jú. Orogún mi ni mo ní lọ́kàn, mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ẹ mọ bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti kékeré: àdúrà tí o kò bá ṣe Àmín sí, kì í ṣe tìrẹ, èyí tí o bá ṣe Àmín sí, o ti gbà á lé orí ara rẹ nìyẹn. Mo la ojú mi sílẹ̀, mo ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ikú mi nínú ilé yìí, kó kú dípò mi, lórúkọ Jésù!"

Àmín tí Ìyá Bọ́lá ṣe lọ́jọ́ náà, gèlè jábọ́ lórí rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó ní, "Àmín! Àní Àmín! Kó tó dìrọ̀lẹ́!" Ọkàn mi dàrú. Mo ní ṣé àjẹ́ ń ṣépè fún ara rẹ̀ ni?

Ìgbà náà ni mo tó ṣàkíyèsí pé ohùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Rótìmí, tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní kékeré, bó bá ṣe Àmín, àwọn tó ń sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì á jí, kò la ẹnu. Ó tẹrí mọ́lẹ̀, ó ń di okùn bàtà. Sálúbàtà ló wọ̀ o!

Mo tún àdúrà náà gbà. Ìyá Bọ́lá tún ṣe Àmín. Rótìmí ń wúkọ́. Mo wá dárúkọ rẹ̀, mo ní, "Rótìmí, o ò ṣe Àmín."

Ó ní, "Màámi, mo ṣe é nínú mi."

Nínú rẹ kẹ̀? Láti ìgbà wo la ti ń ṣe Àmín nínú? Òógùn ti bo imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ará, àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ká ní ọmọ mi ti di kèfèrí pátápátá ni, ìbá ṣe Àmín tí yóò ga ju ti orogún mi lọ, n kì bá tí sí níbí lónìí. Ó gbà gbọ́! Ó fẹ́ pa mí, síbẹ̀ ó gbà gbọ́ pé àdúrà mi yóò mú òun. Mo máa ń ronú sí i, mi ò tíì mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n dúpẹ́.

Mo parí àdúrà. Rótìmí wọ kíṣìnì, ó gbé tíì wá. Mo ní, "Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bóyá ṣúgà ti pọ̀ jù." Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọ tó jẹ àkàrà tán kó tó fọ ẹnu! Mo gba kọ́ọ̀pù náà. Mo dà á sínú fúláàsì, mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni màá ti mu ún.

Ó ní, "Màámi, ẹ mu ún níbí kó tó tutù."

Mo ní, "Fúláàsì ni, ọmọ mi. Kì í jẹ́ kó tutù."

Ojú ọ̀nà ni mo ti sọ ohun gbogbo fún Ìyá Bọ́lá, títí kan ọ̀rọ̀ adìyẹ. Kò bú mi. Ó gba fúláàsì náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà ọsibítù." Nọ́ọ̀sì kan tí mo kọ́ níṣẹ́ ló bá wa gbé e lọ síbi àyẹ̀wò, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ lára mi. Nígbà tí èsì jáde, kò lè wò mí lójú. Májèlé wà nínú tíì náà, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi pẹ̀lú. Wọ́n tọ́jú mi, Ọlọ́run sì fọ̀ mí mọ́. Àwọn ọlọ́pàá lọ mú Rótìmí ní Òkè-Fìà. Kò jiyàn. Ó ní àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ kò lè dúró mọ́, pé òun àti ọ̀rẹ́ òun kan làwọn jọ gbìmọ̀, ọ̀rẹ́ náà ló wá májèlé. Ó ní òun rò pé mo ti dàgbà tó.

Ẹ pariwo Halelúyà. Ó tó. Ẹ gbọ́ èyí tó kù, torí òun gan-an ni mo ṣe dìde.

Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n dá a padà sí àtìmọ́lé. Láìpẹ́ yìí, wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ó ń ṣàìsàn, kò lè jẹun, kò lè dìde. Nígbà tí ìròyìn náà dé ibí, mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní, "Àdúrà ti gbà! Ó ti ń kú dípò ìyá rẹ̀!" Ẹ ń bọ ara yín lọ́wọ́. Mo wo ojú yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwa fúnra wa. Mo fura sí ẹnu ara mi. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ tíì lọ.

Èmi ni mo bí i. Mo ti bí ọmọ ṣáájú rẹ̀ tí wọn ò dúró, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Rótìmí. Ohun tó ṣe burú. Kí adájọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, màá sọ òtítọ́ ní kóòtù láì fi ọ̀kan pamọ́. Kó ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀. Àmọ́ kó kú dípò mi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ ṣe? Gbogbo ọjọ́ ayé mi, iṣẹ́ kí ọmọ má kú ni mo ṣe.

Mo lọ wò ó. Kò lè gbójú sókè. Mo ní, "Rótìmí, ṣé àdúrà yẹn lò ń bẹ̀rù?" Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Màámi, ẹ dákun, ẹ bá mi gbà á padà."

Ohun tó gbé mi dé ibí nìyẹn. Èmi nìkan kò lè gbà á padà, torí kì í ṣe èmi nìkan ló ṣe Àmín sí i. Nítorí náà, ẹ dìde. Ẹ bá mi yọ̀ pé Olúwa kò jẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì, tirẹ̀ ni gbogbo ògo. Kí ẹ sì fi ohùn tí ẹ fi gba ti ọjọ́ Ẹtì gba èyí: Olúwa, àdúrà tí a gbà pé kí ọmọ mi kú, a ti gbà á padà. Dá ẹ̀mí Rótìmí sí, kó lè ronú pìwà dà, lórúkọ Jésù!

Ìyá Bọ́lá, o ṣeun, mo gbọ́ tìrẹ.

Ẹ̀yin tó kù, mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ níbí títí màá fi gbọ́ tiyín. Mo tún un gbà: Olúwa, dá ẹ̀mí Rótìmí sí.