Òróró Inú Asẹ́ Omi

Mo kí gbogbo ìjọ Ọlọ́run. Ọpẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbé wá, kí n tó sọ ohun tó gbé mi dìde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí kì í jẹ́ kí ojú ti àwọn tirẹ̀. Bàbá, ẹ ṣeun. Halelúyà! Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Màmá Tófúnmi. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Lugbe ni a sì ń gbé. Tófúnmi fúnra rẹ̀ ló jókòó sẹ́yìn yẹn, tó ń wolẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òun ni ọ̀rọ̀ kàn.

Pásítọ̀, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó gba máíkì lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rí tèmi yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ẹ máa ń gbọ́.

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, wọ́n pè wá ní ilé-ìwé, wọ́n ní Tófúnmi kò lè wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì mọ́. Ó fìdí rẹmi nínú físíìsì, díẹ̀ báyìí ló sì fi yè nínú kẹ́mísìrì. Wọ́n ní áàtì ni àwọn máa gbé e lọ. Èmi ò ní ohunkóhun lòdì sí áàtì o, áàtì ni èmi gan-an ṣe, òun náà ló sì ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọkàn ọmọ yìí ti wà lára omi. Bí mẹ́ruwa tó ń ta omi fún wa bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wọlé, Tófúnmi á bu díẹ̀ sínú ife, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á bi ọkùnrin náà pé níbo ló ti rí i, kí ló dé tó fi pupa. Ó ní òun máa di ẹnjiníà tí yóò máa gbé omi tó mọ́ wọ ilé àwọn ènìyàn. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ áàtì yìí, kò sunkún. Ó kàn pa ẹnu dé. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí a ń fi ìbéèrè lé kiri inú ilé.

Mo lọ sí ilé-ìwé náà. Àwọn tó mọ̀ mí níbi iṣẹ́ mọ̀ pé bí mo bá ti jókòó sí ọ́fíìsì ènìyàn, n kì í tètè dìde. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí àwọn ọmọ ń pè ní VP, sọ fún mi pé máàkì ni máàkì. Ọ̀gbẹ́ni Danladi, tíṣà sáyẹ́ǹsì wọn, ló bá wa bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ilé-ìwé girama ń bọ̀ níbí ní Abuja, kí wọ́n jẹ́ kí Tófúnmi gbé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Bó bá lè dúró níwájú àwọn adájọ́, kó ṣàlàyé rẹ̀ kó sì yé wọn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. VP ronú títí, ó gbà. Ó ní òun fúnra òun máa wá jókòó gbọ́ ọ, bí kò bá sì lè ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo ní a gbà bẹ́ẹ̀.

Asẹ́ omi ni Tófúnmi ní òun máa ṣe. Ó gbé ìgò ńlá tí wọ́n fi ń ta omi, ó gé ìdí rẹ̀ kúrò, ó dojú rẹ̀ dé. Dádì rẹ̀ bá a wá òkúta wẹ́wẹ́ láti Mpape níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Òwú ló kọ́kọ́ tẹ́ sí ẹnu ìgò, òkúta tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èédú tí a gún, lẹ́yìn náà iyanrìn. Bí o bá da omi pupa sí òkè, omi tó mọ́ ló yẹ kó jáde nísàlẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, omi dúdú ló ń jáde. Ó tú u, ó tún un tò. Ó jáde ní àwọ̀ tíì. Ó tún tú u. Ọmọ yìí kò yéé tú u títí omi fi mọ́ gaara.

Èmi náà ṣe tèmi. Mo kọ àlàyé fún un ní gẹ̀ẹ́sì ńláńlá, mo ní kó há a sórí. Gbogbo òwúrọ̀ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà ẹ́pọ̀ọ̀tù ló ń kà á bí ọmọ Sunday school tó ń ka àkọ́sórí.

Ní báyìí, màmá mi tó bí mi wá kí wa láti Kàbbà. Ẹ ti mọ màmá, àwọn ni wọ́n jókòó sí ìlà kejì yẹn. Àdúrà ni iṣẹ́ wọn. Nínú ilé wa, kò sí ohun tuntun tí òróró kì í kàn. Ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀, fóònù. Pásítọ̀, àbí ẹ̀yin kọ́ ni ẹ kọ́ wa? Ní ìrọ̀lẹ́ Fráídè tí ìdíje ku ọ̀la, asẹ́ náà ti parí, ó wà lórí tábìlì ní pálọ̀. Mo wà ní ilé ìdáná, Tófúnmi ń wẹ̀. Màmá gbé ìgò òróró wọn, wọ́n gbàdúrà sí iṣẹ́ ọmọ-ọmọ wọn. Ìka ni wọ́n sábà máa fi ń tọ́ òróró sí nǹkan, ṣùgbọ́n ìfẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n da òróró ọ̀hún sínú asẹ́, títí tó fi tán nínú ìgò. Wọ́n padà jókòó, wọ́n ń kọrin.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Tófúnmi da omi sí i láti dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó wá ń kán, ó ṣú, òróró sì ń dán lójú rẹ̀ bí ojú ọbẹ̀. Ọmọ náà ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbójú sókè wo ìyá àgbà. Màmá fi ẹ̀rín dá a lóhùn, wọ́n ní àwọn ti bá a fi òróró sí i. Wọ́n ń retí kí ọmọ dúpẹ́.

Inú bí mi. Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ó bí mi débi pé mo fi ọwọ́ ara mi bo ẹnu ara mi, kí n má bàa sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí ìyá rẹ̀. Nígbà tó yé màmá, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ba ayé ọmọ jẹ́. Dádì Tófúnmi ní kí a pe Ọ̀gbẹ́ni Danladi pé a ò lè wá mọ́. Mo ní a máa lọ. Mi ò mọ ohun tí a máa gbé lọ o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a máa lọ. Mo ní, "Olúwa, o rí wa." Gbogbo àdúrà tí mo lè gbà nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní òkúta ṣeé fọ̀, iyanrìn àti èédú ni kò ṣeé fọ̀, kí a wá tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ fún wa bí ọ̀gá. Ó ní kí n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ òkúta. Ó rán bàbá rẹ̀ sí ibi tí aládùúgbò wa ti ń kọ́lé pé kó tọrọ iyanrìn. Ó gbé èédú tí mo fi ń yan àgbàdo fún màmá, ó ní kí wọ́n bá òun gún un. Màmá ń gún un, omijé ń bọ́, wọn ò dáwọ́ dúró.

Omi ni ìṣòro tó kù. Kò sí iná, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán, nítorí náà ẹ̀rọ kànga kò lè fa omi, mẹ́ruwa ò sì tí ì dé. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń retí kí n sọ pé òjò rọ̀. Òjò kò rọ̀. Pure water tí a rà sílẹ̀ fún mímu ni a ń fi eyín ya, tí a fi ń fọ iyanrìn. Ìdílé ìránṣẹ́ ìjọba, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń fi pure water fọ iyanrìn. Ẹni tó bá kọjá á rò pé orí wa ti yí.

A dé gbọ̀ngàn náà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Danladi sáré pàdé wa, ó ní, "Sànnu, madam," ó gba ìgò lọ́wọ́ wa. VP wà ní iwájú, ó ká apá. Àwọn ọmọ mìíràn gbé nǹkan tó ń tan iná, tó ń rìn fúnra rẹ̀. Ó kan Tófúnmi. Ó da omi sí i, omi jáde, ṣùgbọ́n a kò fọ iyanrìn yẹn tó. Ó ṣú díẹ̀. Adájọ́ kan bi í pé ṣé omi tó mọ́ tó kọ sára pátákó àlàyé tó gbé dání nìyí.

Tófúnmi bẹ̀rẹ̀ gẹ̀ẹ́sì tí mo há sí i lórí. Ó dé àárín, ó dákẹ́. Mo di àga iwájú mi mú, mo ní Jésù, ẹ la ẹnu ọmọ yìí.

Ó fi gẹ̀ẹ́sì mi sílẹ̀. Ó sọ fún wọn pé asẹ́ tí òun ṣe kọ́ nìyí, pé ti tẹ́lẹ̀ bàjẹ́ ní àárọ̀ nítorí òróró wọ inú rẹ̀. Ó wá yọ ìgò kékeré kan jáde nínú báàgì. Mi ò mọ̀ pé ó bu omi olóróró yẹn pa mọ́! Ó gbé e sókè fún wọn. Ó ní òróró máa ń bo ara èédú àti iyanrìn, tí ìdọ̀tí kò fi ní rí ibi dì mú mọ́. Ó ní bí àwọn mẹkáníìkì bá da ọ́ìlì sí odò, irú asẹ́ yìí kò ní lè gba àwọn tó ń mu ún. Ó ní eruku iyanrìn tuntun ló wà nínú èyí tí wọ́n ń wò yìí, kí wọ́n dúró díẹ̀. Ó tún da omi sí i, ó tún dà á, ó ń mọ́ sí i lójú wọn. Àwọn adájọ́ dìde, wọ́n sún mọ́ ọn. Ọ̀kan bi í pé báwo ni òróró ṣe dé inú rẹ̀. Ó ní ìyá ìyá òun ló gbàdúrà sí i. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìfẹ́ ló fi ṣe é, òun sì ti wá mọ iṣẹ́ tí òróró ń ṣe.

A ò ṣe ipò kìíní o. Ipò kẹta ni, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì máa ṣojú Abuja ní ìpele tó kàn. Ṣùgbọ́n ipò kọ́ ni mò ń dúró dè. VP dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó yà sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Danladi. Ó ní, "Sáyẹ́ǹsì ni kó wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀." Mo gbàgbé pé súùtì ni mo wọ̀. Mo jó, ará!

Láti ọjọ́ náà, màmá kò fọwọ́ kan òróró mọ́. Bí a bá ní kí wọ́n gbàdúrà, wọ́n á ní kí ẹlòmíràn gbà á. Ó dùn mí gan-an, nítorí àdúrà wọn ló tọ́ mi dàgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, Tófúnmi parí asẹ́ tuntun tó máa gbé lọ sí ìpele tó kàn. Ó wọ yàrá màmá, ó wá ìgò òróró wọn kàn níbi tí wọ́n fi pa mọ́ sí, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́. Màmá ń mi orí. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò délé tán yẹn bẹ̀ wọ́n.

Ó ní, "Grandma, ẹ gbàdúrà fún mi. Orí mi ni kẹ́ ẹ dà á sí."

Ẹ bá mi gbé Jésù ga, ìjọ Ọlọ́run! Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀, kó bá mi fi jó. Ẹ wo ọmọ náà níbi tó jókòó sí, òróró yẹn ṣì ń dán níwájú orí rẹ̀.