Kọ́kọ́rọ́ Kejì Tí Mo Ní Kí Mọ́tò Gbàgbé

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mi ò ti jókòó sídìí sítíárì mọ́tò ọkọ mi. Bí mo bá ń lọ sí Ìgbó-Ọrà, ọ̀kadà ni mo ń gùn, òjò ìbáà máa rọ̀, oòrùn ìbáà máa ràn. Àwọn aládùúgbò wa l'Érúwà ń sọ pé ọkọ mi ló gba mọ́tò lọ́wọ́ mi. Àwọn mìíràn ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹnìkan ni àyà mi fi já. Mo ń jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ta ni mo fẹ́ là á yé pé bí mo bá ti gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì yẹn jí, ńṣe ni ara mi ń gbọ̀n? Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, tí ẹ ò mọ ilé mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ tú ikùn mi fún. Gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn, ṣebí ó lè ní kí ẹnìkan bá òun sọ̀ ọ́.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, èmi àti Gbádé, àbúrò mi ọkùnrin. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí n'Ígangan, èmi náà ni mo ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé-ìwé. Nígbà tó dọkùnrin, ó kọ́ṣẹ́ dírẹ́bà, ó sì mọ ọkọ̀ wà dáadáa, àmọ́ ọtí gbà á lọ́wọ́ wa. Kò sí ọlọ́kọ̀ tó gbé ọkọ̀ fún un tó lò ju oṣù mélòó kan tí kì í gbà á padà. Mo fara dà á títí di ọjọ́ tí mo ti àjò dé, tí mo bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní ṣíṣí sílẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, èyí tí bàbá wa rà fún mi kó tó kú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbádé ti tà á, ó ti mu ún. Nígbà tó wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́jọ́ kẹta, mo ní, "Dìde níbẹ̀ yẹn. Mi ò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ nílé yìí mọ́ láyé mi. Mi ò ní àbúrò." Ọkọ mi ń bẹ̀ mí, n kò gbọ́. Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó.

Ó ku bí ọdún méjì ká wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun nígbà tí Bàbá Fẹ́mi, ọkọ mi, tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá nílé-ìwé girama kan l'Érúwà, ra mọ́tò tòkunbọ̀ láti Kùtọnu. Wọ́n ti lò ó fún ọdún mélòó kan lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti ń rí. Orí rẹ̀ sanra, ike dúdú ni wọ́n fi bò ó, ohun tín-ín-rín kan sì wà nínú ike náà tí mọ́tò fi ń dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀ báà gé irin mìíràn kó jọ ọ́ bí ìbejì, bí ohun tín-ín-rín yẹn ò bá sí nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ní ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fún òun. Mo gbà á gbọ́. Òun ló kọ́ mi ní mọ́tò, a sì jọ ń lo kọ́kọ́rọ́ kan náà ni.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rú mi lójú. Mọ́tò tó ń ti ilé lọ ilé-ìwé, tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ wálé, báwo ni eruku pupa ọ̀nà oko ṣe ń wà lára táyà rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ò lọ sóko? Búùtù rẹ̀ ń rùn bí ẹja gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo ra ẹja. Mo ń wò ó. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mò ń gbá inú rẹ̀, mo fa bàtà ọmọdé kan yọ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ kan péré, pupa, kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Àbíkẹ́yìn wa ti pé ọdún mẹ́rìnlá! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ọmọ ta ni? Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Mo fi bàtà náà sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, mi ò sì bi ọkọ mi léèrè ohunkóhun. Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò fi bi í. Bí mo bá bi í tó sì ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ jábọ́ lápò Bàbá Fẹ́mi nínú oko iṣu wa. Láàárín ebè ni a ti ń tú ewé, tí a ń fọwọ́ ro ilẹ̀, títí oòrùn fi kan àtàrí ká tó rí i. Ẹ̀rù ba òun náà. Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, bó o bá ń lọ ra òwú n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀, gbé mọ́tò dání, kó o bá wa ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì sí i. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà ní Mọ́kọ́lá tó ní ẹ̀rọ rẹ̀." Mo ní ó dáa.

Ọkùnrin náà kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù. Ó fi ẹ̀rọ gé irin kọ́kọ́rọ́ méjì náà tán, ó wá tẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan sórí itan, ó fi wáyà rẹ̀ so mọ́ abẹ́ sítíárì. Ó wò ó títí, ó bojú wò mí.

"Màmá, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ kejì wá."

Mo ní, "Kejì wo? Ẹyọ kan la ní."

"Rárá o. Méjì ni mọ́tò yín mọ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í purọ́. Ẹ sì gbọ́ mi dáadáa: bí mo bá fẹ́ fi tuntun hàn án, gbogbo èyí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbí ni. Èyí tí kò bá sí níbí, á gbàgbé rẹ̀. Á máa ṣílẹ̀kùn o, àmọ́ bí wọ́n bá fi ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì á jí, á sì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ ò kúkú jẹ́ kí n dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá bi bàbá?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ara mi gbóná. Ọwọ́ obìnrin yẹn ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà! Ìyá ọmọ tó ni bàtà ló ń fi mọ́tò ọkọ mi ṣe fàájì nígbà tí mo bá tẹrí ba sídìí ẹ̀rọ tí mo yá lò. Ẹ ò rí i bí mo ṣe kó gbogbo rẹ̀ jọ, tí mo rán an bí ìró àti bùbá? Mo ní, "Ó ti sọnù. Jẹ́ kó gbàgbé rẹ̀." Ọkùnrin náà tún ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o, Màmá." Mo ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí mo ṣe ń wa mọ́tò bọ̀ wálé, orin ni mò ń kọ. Mo kó kọ́kọ́rọ́ tuntun fún ọkọ mi, ó dúpẹ́. Mi ò sọ ìyókù fún un. Mo fẹ́ kí àṣírí tú fúnra rẹ̀ ni.

Ó tú lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Bàbá Fẹ́mi bá ọ̀gá wọn lọ sípàdé n'Ígbó-Ọrà lọ́jọ́ náà, ó gbé mọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀ nílé-ìwé. Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tó wọlé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò kí mi. Ó fi kọ́kọ́rọ́ olórí dúdú kan lé orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Mo ní, "Ẹhẹn! Ó ti dá a padà?" Mo sáré wọnú ilé, mo lọ fa bàtà pupa yẹn yọ, mo jù ú síwájú rẹ̀. "Ọmọ tó ni èyí ńkọ́, Bàbá Fẹ́mi? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́ lónìí!"

Ó wo bàtà náà bí ẹni tí kò mọ ohun tó jẹ́. Ó ní, "Ọmọ èrò ọkọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ wá a títí ní gáráàjì Ìdèrè."

"Èrò ọkọ̀ ta ni?"

"Èrò ọkọ̀ Gbádé."

Ó jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ti ju oṣù mẹ́jọ lọ tí Gbádé ti fi ọtí sílẹ̀, abà kan lẹ́yìn Ìdèrè ló ń gbé. Ọkọ mi ló fún un ní kọ́kọ́rọ́ kejì, pé bí òun bá wà ní kíláàsì, kó máa fi mọ́tò náà ṣe kàbúkàbú láàárín Érúwà, Ìgbó-Ọrà àti Ìdèrè, kó sì dá a padà kí ilé-ìwé tó jáde. Wọ́n fi pa mọ́ fún mi nítorí wọ́n mọ ẹnu mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yìí, Gbádé ṣílẹ̀kùn mọ́tò gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì jí, ó kú. Ó tún un ṣe, ó tún kú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lójú fèrèsé. Tíṣà tuntun kan tí kò mọ̀ ọ́n rí jáde, ó pariwo olè. Gbádé ní igbákejì ọ̀gá ló fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Tíṣà náà ní, "Kọ́kọ́rọ́ tí mọ́tò ò gbà, kọ́kọ́rọ́ olè ni." Wọ́n gbá a létí, wọ́n mú un kúnlẹ̀ sínú oòrùn ní iwájú gbogbo ọmọ ilé-ìwé títí ọkọ mi fi ti ìpàdé dé. Ọmọ tí mo pọ̀n!

Ọkọ mi ní nígbà tí òun gbé e dìde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi òun. Ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé àǹtí mi ló ní kẹ́ ẹ pa kọ́kọ́rọ́ yìí?" Bàbá Fẹ́mi ní òun ò mọ ohun tó ṣe mọ́tò náà, òun sì búra. Gbádé kàn fi kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ìdèrè lọ. Nígbà tí ọkọ mi sọ ìyẹn tán, ó wò mí lójú, ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, kí ló ṣẹlẹ̀ ní Mọ́kọ́lá?" Mo jẹ́wọ́ níbẹ̀. Kò bínú, kò pariwo. Ì bá kúkú pariwo. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun, ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi nǹkan kan hàn mí ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àpò bò. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Gbádé ti ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ láti rà á, ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún mi lọ́jọ́ Àjíǹde.

A dé abà tó ń gbé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, yàrá rẹ̀ ti ṣófo. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni wọ́n ń pè é. Èmi tí mi ò gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan rárá kí n tó dá a, kí ni kí wọ́n pè mí?

A wá Gbádé káàkiri, kò sí ẹni tó gbúròó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni dírẹ́bà kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa wá sọ fún wa pé òun rí i ní Ṣakí, níbi tí wọ́n ti ń kó iṣu sọ́kọ̀. Ó ní ara rẹ̀ le, kò mutí, ó ti fẹ́yàwó, ìyàwó náà sì lóyún. Mo sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù dé. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé bí inú rẹ̀ bá rọ̀, á mọ ọ̀nà ilé, pé bí mo bá yọ sí i lójijì, ó lè tún sá lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i mọ́. Ìyá wa ní kí n lọ kúnlẹ̀ fún un, pé ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ rìn. Èwo ni kí n tẹ̀ lé nínú méjèèjì? Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó ti lé yín rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin tí nǹkan bá sì rú lójú nípa ọkọ tàbí ìyàwó yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lanu, ẹ bèèrè, ìdáhùn ò lè burú tó ohun tí ọkàn ń dá hùmọ̀ nínú òkùnkùn.

Ní tèmi, bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ nínú ara mi pé mo máa lọ. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ìgbà tí mo bá débẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn ni pé mi ò ní àbúrò. Ẹ dákun, èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ?