Ọjọ́ Tí Màámi Ní Àwọn Ti Padà Di Ọmọge

Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ kan ni kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Láti ìgbà tí a ti sin màámi, bí ẹnikẹ́ni bá bú sẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì wa ní Wharf Road, ń ṣe ni àyà mi máa ń já.

Aránṣọ ni màámi ní Ajégúnlẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni wọ́n ń rán, aláwàdà sì ni wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo ń bá wọn fi òwú sí abẹ́rẹ́ nítorí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ǹjẹ́ o mọ̀ pé mo ti padà di ọmọge?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọkọ ìyàwó dà, Màámi? Ẹ mú un wá kí n wò ó o!" Àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn kò pẹ́. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n kọjú sí máṣíìnì wọn. Gèlè tuntun tí wọ́n wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rò pé wọ́n ń fi yangàn.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìsàlẹ̀ ikùn wọn lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. "Mama, na appendix be dat o!" ni aládùúgbò wa pariwo. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni apẹ́ńdíìsì wà? Ní ọsibítù, dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, béèrè bóyá wọ́n ṣì ń rí nǹkan oṣù. Màámi wolẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: "Rárá o! Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn." Wọ́n fún wa lóògùn, a padà sílé. Ìrora náà ń lọ, ó ń bọ̀.

Nígbà tí a padà lọ, dókítà obìnrin kan, àgbàlagbà, ní kí n jáde fún wọn. Àwọn méjèèjì nìkan ló sọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ló pè mí wọlé. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe apẹ́ńdíìsì wọn. Kókó jẹjẹrẹ ló wà níbi tí ẹyin obìnrin ń gbé lápá ọ̀tún, ó sì ti ràn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ti ń kìlọ̀ tipẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ wo?" ni mo bi í.

Màámi di ọwọ́ mi mú. "Mo sọ fún ẹ, Àbẹ̀kẹ́. Mo ní mo ti padà di ọmọge."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Tèmi dénú mi, ó di ẹ̀rín! Ṣé wọn ì bá yè é ká ní mo béèrè? Dókítà kò lè sọ. Màámi kò bá mi wí rárá. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú wọn, wọ́n rọra ní, "Ọkọ ìyàwó mà pẹ́ o," wọ́n sì ń wojú mi bóyá n óò rẹ́rìn-ín. Mo rín in, nítorí tiwọn.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ má bá wọn dáhùn níwájú dókítà. Bí wọ́n bá sì fi ara wọn ṣàwàdà, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá tán, ẹ má dìde. Ẹ bi wọ́n pé, "Màámi, kí lẹ fẹ́ sọ gan-an?"